Àwòrán Àfòpiná Tí Ó Lè Jẹ́rìí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àfòpiná kan bà sára ògiri ẹ̀yìn ilé mi ní Mọ́níyà, ní ìhà àríwá Ìbàdàn, mo sì fi fóònù mi yà á. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Iná ẹ̀yìn ilé ni ó fà á wá, nítorí pé láti ibi tí gílóòbù náà wà dé ibi tí mo gbin àgbàdo sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Àwòrán náà dùn mọ́ mi nínú, ni mo bá fi ránṣẹ́ sí àbúrò kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì, pé kí ó bá mi sọ orúkọ rẹ̀. Èsì rẹ̀ kò gùn rárá: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán yín dára, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí. N kò mọ bí ó ti tóbi tó, ẹ gé ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ kò sì sọ ohun tí ẹ gbìn sí ìtòsí ibẹ̀ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ewé àgbàdo mi ti dà bí àkísà. Mo fi ọwọ́ la ọkàn ọ̀kan nínú wọn, mo bá ìgbẹ́ kòkòrò nínú rẹ̀, tí ó tutù bí ìyẹ̀fun pákó tí a bu omi sí, kòkòrò ajẹwé kan sì ká jọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ya orí rẹ̀ láti iwájú, mo sì ya ìdí rẹ̀ láti òkè. Ilà tí kò dúdú tó ara orí náà wà ní iwájú rẹ̀, ó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ kodò. Ní apá ìdí, lórí oríkèé ara tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn, àmì dúdú mẹ́rin tò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ àga. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí àbúrò mi fi dáhùn. Spodoptera frugiperda ni, kòkòrò tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ìyẹ́ iwájú akọ àfòpiná rẹ̀ a máa ní àmì funfun kan ní ṣóńṣó, ibẹ̀ gan-an ni àwòrán mi àkọ́kọ́ sì gé kúrò.

Ọ̀rọ̀ "kò lè jẹ́rìí" yẹn wọ̀ mí lára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya àfòpiná nínú ọgbà àti nínú igbó, ohun tí mo sì máa ń bi ara mi kí n tó tẹ kámẹ́rà ni pé ta ni yóò wo àwòrán yìí lọ́la, kí sì ni ojú rẹ̀ yóò máa wá.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún kòkòrò yìí ti sọ ìwà rẹ̀: ó ń fò, ó sì fẹ́ pa iná. Gbogbo wa ni a mọ òwe pé àfòpiná tí ó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo yìí bo ẹ̀dá púpọ̀ mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 160,000 ẹ̀yà àfòpiná ni àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ ní gbogbo ayé, labalábá kò sì ju nǹkan bí 18,000 lọ, bẹ́ẹ̀ labalábá ni ọmọdé gbogbo mọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo àfòpiná ni ó ń dúró de òru. Èyí tí wọ́n ń pè ní Euchromia lethe máa ń fò ní ọ̀sán gangan nínú ọgbà mi. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ní àwọn ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ikùn rẹ̀ sì ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ púpọ̀. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń pè é ní agbọ́n, tí mo sì ń yẹra fún un, títí tí mo fi ya orí rẹ̀ ní àyasúnmọ́ tí mo sì rí ahọ́n gígùn rẹ̀ tí ó ká bí okùn aago.

Ìwo orí ni mo kọ́kọ́ kọ́ láti máa wò. Ti labalábá máa ń nípọn ní ṣóńṣó bí kọ̀ǹgọ́ onílù. Ti àfòpiná lè rí bí fọ́nrán òwú, ó sì lè ní eyín bí òòyà tàbí bí ìyẹ́ adìyẹ, pàápàá lára àwọn akọ, tí wọ́n ń fi í gbọ́ òórùn abo láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà àwòrán tí kò bá fi ìwo hàn ti pàdánù ẹ̀rí púpọ̀, ó ṣe ni láàánú pé ìwo ni àfòpiná tí ó sinmi sì máa ń kọ́kọ́ ká sábẹ́ ìyẹ́. Ó gba sùúrù. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó lórí àpótí fún ìdajì wákàtí kí ọ̀kan tó na ìwo rẹ̀ jáde.

Irinṣẹ́ mi kò pọ̀. Aṣọ ibùsùn funfun kan ni mo máa ń so mọ́ àárín igi gúáfà àti òpó ọgbà, tí mo sì máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀, nítorí pé àwọn kan kì í gòkè, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń bà sí. Gílóòbù mẹ́kúrì oníwáàtì 160 ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ń fa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ epo bẹntiróò, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì sùn. Nísinsìnyí iná LED kékeré kan tí ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ni mo ń lò, irú èyí tí ojú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣùgbọ́n tí ojú àfòpiná rí dáadáa. Páwá báǹkì lè gbé e ṣiṣẹ́ láti aago méje alẹ́ di ìdájí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹjú mọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó lè ba ojú jẹ́. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé alẹ́ tí iná ọba bá lọ ní gbogbo àdúgbò ni aṣọ mi máa ń kún jù lọ. Nígbà tí gílóòbù ilé gbogbo bá kú, tí fìtílà àwọn olùtajà bá sì wọlé, aṣọ funfun mi nìkan ni ó kù tí ń tàn, gbogbo ohun tí ó ń fò láàárín ìgbẹ́ a sì yà sọ́dọ̀ mi.

Òṣùpá jẹ́ ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ti pé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a borí tèmi, aṣọ a sì ṣófo. Ọ̀gìnnìtìn ọyẹ́ náà kò dára. Alẹ́ tí ó dára jù ni èyí tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ooru sì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, tí òṣùpá kò yọ, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹfà, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ní ìparí oṣù Keje, àwọn olólùfẹ́ àfòpiná káàkiri ayé máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní National Moth Week, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012. Mo máa ń bá wọn ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù àsìkò yẹn kì í jẹ́ kí aṣọ mi kún bí ti oṣù Karùn-ún.

Àfòpiná nìkan kọ́ ni ó ń wá. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èsúnsún a bo aṣọ náà ṣíkún, wọn a máa já ìyẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ kò sì ní lè ya ohunkóhun fún wákàtí kan. Mo ti kọ́ láti pa iná náà títí tí wọn yóò fi tán. Ọmọọ́nlé pẹ̀lú mọ̀ pé aago ti lù: mẹ́ta tàbí mẹ́rin a ti tò sẹ́bàá ògiri kí n tó so aṣọ tán, bí mo bá sì yí ẹ̀yìn padà, àfòpiná tí mo fẹ́ yà ti wà lẹ́nu ọ̀kan. Èyí tí ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún gidi ni kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ pupa àti dúdú tí a ń pè ní Paederus. Kì í ta, kì í sì í gé ni jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa sí ọrùn, omi ara rẹ̀ a bó yín lára bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ó ṣe mí lẹ́ẹ̀kan, egbò náà sì pẹ́ kí ó tó jinná. Nísinsìnyí ẹ̀wù alápá gígùn ni mo ń wọ̀, bí ohunkóhun bá sì bà lé mi lọ́rùn, fífẹ́ ni mo ń fẹ́ ẹ dànù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti jìyà jù. Ọdún kan gbáko ni gbogbo àfòpiná mi fi dúdú bí èédú lórí aṣọ tí ó rí bí eérú. Mo rò pé kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí mo rà ni ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Kámẹ́rà rí aṣọ funfun tí ó gba ojú àwòrán kan, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ń dín in kù, kòkòrò tí ó wà láàárín ni ó sì ń san gbèsè náà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi sọ fún kámẹ́rà pé kí ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un ni àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn náà ni mo tún rí i pé iná kámẹ́rà tí ó bá lu ìyẹ́ ní tààrà máa ń pa lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ láwọ̀ dà, nítorí pé ìpẹ́ kéékèèké tí ń dán ni lẹ́búlẹ́bú náà. Mo gé ike wàrà funfun kan, mo sì fi bo ojú iná náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú ike kọjá tutù, ó sì tàn ká gbogbo ìyẹ́. Ike yẹn kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ṣe mí láǹfààní ju lẹ́ńsì tí mo fi owó oṣù méjì rà lọ.

Bí àfòpiná bá ti bà, àwòrán àkọ́kọ́ ni mo máa ń yà láti òkèèrè, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá fò lọ, nǹkan kan ṣì kù sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń ya ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè gan-an kí ìyẹ́ méjèèjì wà ní ọgbọọgba, mo máa ń ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú àti ahọ́n hàn, mo sì máa ń ya iwájú orí. Èyí tí ó ṣòro ni ìyẹ́ ẹ̀yìn, nítorí pé ìyẹ́ iwájú máa ń bò ó, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ ẹ̀yìn ni ó máa ń yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yà kan wà tí ń fi ahọ́n lu èso gún, Eudocima ni wọ́n ń pe ìran rẹ̀. Bí ó bá sinmi, ewé gbígbẹ ni ẹ ó pè é, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ìyẹ́ iwájú díẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tí ó pọ́n dénú, pẹ̀lú àmì dúdú. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń kàn án lórí ìyẹ́ jẹ́jẹ́ kí ó lè ṣí i. Ọwọ́ kò dára, nítorí pé ọwọ́ a máa gba lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, àmì tí ẹ ń wá a sì bá a lọ.

Àmì kan wà tí àfòpiná ńlá fi ń sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò ní ṣí wọn, kò sì ní fò, gbogbo ara rẹ̀ a kàn máa wárìrì bí ẹni tí ibà mú. Ẹran ara tí ń gbé ìyẹ́ ni ó ń mú gbóná, nítorí pé kò lè fò bí ibẹ̀ bá tutù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ó ń kú lọ ni, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó fò lọ níṣojú mi. Bí mo bá ti rí ìgbọ̀nrìrì náà nísinsìnyí, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ni ó kù sí mi lọ́wọ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá àgbà tí ó ń gbé ilé kejì sí wa. Acherontia atropos ni, àfòpiná ńlá tí àwòrán kan wà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí ó rí bí agbárí òkú. Ó wọ yàrá ìyá náà, nígbà tí wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ kàn án, ó ké. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ọmọ eku. Ìyá náà pè mí ní òru: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ohun tí wọ́n rán sí mi." Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo fi ife bo kòkòrò náà, mo sì fi fóònù tí mo fi yà á hàn wọ́n pé ahọ́n rẹ̀ kúrú, ó sì le, ati pé inú ahọ́n yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde tí ó fi ń dún, pé oyin ni ó fẹ́ràn, inú ilé oyin ni ó sì máa ń wọ̀ lọ jí i mu. Wọ́n wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Olè ni, kì í ṣe àjẹ́." Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ni ó ń ránṣẹ́ pè mí bí àfòpiná àjèjì kan bá bà sí ilé wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn pa á.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kù. Mo ń lo áàpù tí ń jẹ́ iNaturalist, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 2008. Bí ẹ bá gbé àwòrán síbẹ̀, kọ̀ǹpútà a dá orúkọ lábàá, àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n a sì wá sọ tiwọn. Àbá kọ̀ǹpútà yìí ni ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Àfòpiná funfun kan wà tí ó ní tótòtó pupa àti dúdú lára, tí ó máa ń fò jáde láti inú koríko ní ọ̀sán níbi tí ewéko Crotalaria bá wà. Kọ̀ǹpútà ní Utetheisa ornatrix ni. Mo gbà, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọkùnrin kan tí ó ti ń wo àfòpiná Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó kọ̀wé sí mi, tí ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ mo ti wo ibi tí ẹ̀yà yẹn ń gbé? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń gbé. Tiwa níbí jọ Utetheisa pulchella. Kọ̀ǹpútà náà ti rí àwòrán púpọ̀ láti Amẹ́ríkà, kò sì tíì rí púpọ̀ láti Ìbàdàn, nítorí náà ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ.

Mo tún fẹ́ fi orúkọ pulchella rọ́pò rẹ̀ kíákíá, ọkùnrin náà ní kí n fara balẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn wà ní Áfíríkà, Utetheisa lotrix, tí ó jọ ọ́ débi pé àwòrán lásán kì í sábà yà wọ́n. Àfi kí onímọ̀ yẹ inú ara wọn wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ Utetheisa, kí n sì dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ náà ó dùn mí, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ agbo ilé ẹnìkan láìmọ orúkọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé agbo ilé tí ó tọ̀nà sàn ju orúkọ tí kì í ṣe ti ẹni náà lọ, nítorí pé ẹni tí yóò lo àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀ pé mo kàn méfò ni. Nísinsìnyí kí n tó gba orúkọ kan, mo máa ń wo AfroMoths, àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó to orúkọ àfòpiná gúúsù Sàhárà pọ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ Nàìjíríà kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan kò tó láti kọ ẹ̀yà kan sílẹ̀, nítorí pé àwa tí ń wò nílùú wa yìí kò pọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ó máa ń fi ọkàn mi balẹ̀ ju gbogbo àwòrán lọ, òun náà ni kí n tọ́ kòkòrò náà dàgbà. Ní ọdún 2019 mo rí kòkòrò ajẹwé kan lórí òdòdó Catharanthus tí ìyàwó mi gbìn sí iwájú ilé. Ó tóbi bí ìka ìfábẹ̀là, ó ní àwọ̀ ewé tútù, ilà funfun kan ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú méjì aláwọ̀ búlúù sì wà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, tí kì í ṣe ojú tòótọ́. Bí mo bá fi ìka kàn án, ó máa ń tẹ orí mọ́lẹ̀ kí ojú irọ́ náà lè là sí mi. Mo fi í sínú ike ńlá tí mo dá ihò sí, mo ń já ewé òdòdó kan náà fún un láràárọ̀, mo sì ń yà á lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹfà ó kọ oúnjẹ. Àwọ̀ ewé náà ṣí kúrò lára rẹ̀, ó sì di àwọ̀ ilẹ̀, ó wá ń rìn yíká ìsàlẹ̀ ike láìsinmi. Ìyàwó mi ní ó ti jẹ májèlé. Mo da ewé gbígbẹ sí i, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ nínú èèpo pupa rúsúrúsú bí kóró ìyeyè tí ó gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ tí nǹkan ń họ ike. Nígbà tí a ṣí i, àfòpiná kan ti gun ara igi tí mo fi sínú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì rún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀. Ìyẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í nà díẹ̀díẹ̀ níṣojú wa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ wàrà àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wọnú ara wọn bí òkúta tí a dán. Daphnis nerii ni. Kò sí ẹni tí ó lè bá mi jiyàn lórí èyí, nítorí pé mo ní àwòrán rẹ̀ láti ìgbà tí ó ń jẹ ewé, mo mọ ewé tí ó jẹ, mo sì mọ ọjọ́ tí ó jáde. Ìyàwó mi ni ó gbé ike náà lọ sí ìdí òdòdó, òun ni ó sì ṣí i sílẹ̀.

Nínú igbó, nǹkan yàtọ̀. Igbó tí mo mọ̀ jù ni ti IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, nǹkan bí 350 héktà nínú ilẹ̀ tí wọ́n fún ilé iṣẹ́ ìwádìí náà ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àyè kí ó tó wọ ibẹ̀ lóru, kò sì yẹ kí ó dá nìkan lọ. Ohun tí ọgbà fi ń yàtọ̀ sí igbó ni pé nínú ọgbà mo mọ gbogbo ewé tí ó wà nítòsí, nínú igbó n kò mọ ìdajì wọn, nítorí náà ẹ̀rí tí ewé ń jẹ́ a dín kù. Mo máa ń mú ẹni tí ó mọ igi dání, mo sì máa ń ya èèpo àti ewé àwọn igi tí ó yí aṣọ ká kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ na aṣọ ní etí igbó náà, Bunaea alcinoe kan bà sí i, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ojú ńlá kọ̀ọ̀kan sì wà lára ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹun. Ọ̀rá tí ó ti kó jọ nígbà tí ó ń jẹ ewé ni ó fi ń gbé ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù fún un láyé, kí ó lè rí ẹnìkejì rẹ̀, kí ó sì yé ẹyin. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni n kì í tan iná títí di òwúrọ̀ mọ́. Òru kan tí irú rẹ̀ bá lò mọ́ ara aṣọ mi, mo ti bù ú nínú òru díẹ̀ tí ó ní. Ní aago mọ́kànlá mo ti pa iná, mo sì máa ń gbọn aṣọ náà jẹ́jẹ́ sínú igbó ṣúúrú kí àwọn ẹyẹ òwúrọ̀ má baà bá wọn níbẹ̀.

Ní alẹ́ kan náà ni àfòpiná kan tí n kò kà sí bà lé etí aṣọ náà. Ó nírun lára, àwọ̀ wàrà ni ó ní, pẹ̀lú ilà dúdú rúsúrúsú díẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí n kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí ó mú mi wọ igbó ni ó fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, tí ó ní, "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ má kọjá lára ìyá sányán." Anaphe ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa kó ara wọn jọ lórí igi, wọn a pawọ́ pọ̀ hun ilé òwú kan ṣoṣo tí ó tóbi, tí ó le bí páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì tún hun tirẹ̀ sínú rẹ̀. Inú ilé òwú yẹn ni àwọn baba ńlá wa ti fa fọ́nrán aláwọ̀ ilẹ̀ jáde tí wọ́n fi hun sányán, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá aṣọ. Bàbá mi ní ọ̀kan, mo sì ti wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó ọmọ mi, láìmọ ojú ẹni tí ó hun òwú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, mo yà á láti òkè, mo yà á ní ẹ̀gbẹ́, mo fi rúlà sí i, mo sì dúró títí tí ó fi na ìwo rẹ̀, tí ó ní eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà. Àwòrán mọ́kàndínlógún ni mo yà. Ẹ̀yà rẹ̀ gan-an kò tíì dá mi lójú, nítorí náà Anaphe ni mo kọ.

Àwòrán ọdún 2017 yẹn, èyí tí mo gé ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, n kò pa á rẹ́. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ mi lábẹ́ Spodoptera nìkan, nítorí pé àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú ìran kan náà wà níbí kí ti Amẹ́ríkà tó dé, kò sì sí ohun tí ó kù nínú àwòrán náà tí ó lè yà wọ́n. Ní oṣù Kẹrin tí ó kọjá, mo na aṣọ mi sí etí oko àgbàdo ní ẹ̀yìn ilé, ní alẹ́ kejì tí òjò rọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ọ̀kan bà sí ìsàlẹ̀ aṣọ, ó kéré, ó ní àwọ̀ erùpẹ̀ tútù. Mo fi rúlà sí i, mo sì sún mọ́ ọn láti ọwọ́ ọ̀tún. Àmì funfun náà wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀.